Ẹ Lọ Wò Wọ́n Lẹ́nu Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí A Ṣe Ń Yan Olóúnjẹ, Onífọ́tò àti Àwọn Yòókù fún Ìgbéyàwó l'Ékòó

Fọ́tò kan wà tí mi ò ní, tí mi ò sì lè ní mọ́. Ní 2016, nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ, ìyá mi dìde lórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó sì súre fún un títí omi fi ń bọ́ lójú gbogbo wa. Onífọ́tò tí a bá ṣàdéhùn kọ́ ló wá lọ́jọ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ ló rán sí wa, ọmọ náà ò sì mọ ìyá ìyàwó yàtọ̀ sí alága ìjókòó. Ìdí kéèkì ló wà nígbà tí màmá ń súre. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó tó kó fọ́tò wa fún wa. Ti màmá ò sí níbẹ̀. Ní 2018, màmá lọ.

Láti ìgbà yẹn mo ti ṣe ìgbéyàwó méjì mìíràn láti ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, ti 2019 àti ti 2024. Ti àárín ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn lọ bí a ṣe fẹ́. Kì í ṣe pé owó wa pọ̀ sí i, ọ̀nà tí a ń gbà yan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa la yí padà. Bí ọmọ yín bá ti mú ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ má gba olóúnjẹ tí ẹ ò tíì rí lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán orí Instagram dára, ṣùgbọ́n abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún un. Ẹni 300 ló máa jẹun lọ́dọ̀ tiyín. L'Ékòó wa yìí, Sátidé wo ni òde ò sí? Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti níṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀?" Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú á sọ fún yín. Olóúnjẹ mẹ́ta la kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní 2024. Ọ̀kan ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ní ká sáà máa wo ojú ìwé òun. Mo fagi lé orúkọ rẹ̀.

Mo wọ ankara ilé, mo lọ dúró lẹ́yìn họ́ọ̀lù kan ní Súrùlérè níbi tí èkejì ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò lọ jẹun o. Àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ń já kúlà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìrẹsì ń jáde láìsí ẹran lórí rẹ̀, omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́ ti dúdú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ wo ẹ̀kẹta ní Yábàá. Obìnrin náà jókòó lórí àpótí lẹ́bàá àwọn kúlà rẹ̀, ìwé ẹ́sásáìsì wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ti lẹ bébà funfun mọ́ kúlà kọ̀ọ̀kan, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó kọ iye ẹran tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé tíréè wá á kọ́kọ́ sọ tábìlì tó ń lọ, obìnrin yìí á fi báírò fa ìlà kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣí ìdérí. Síbí ìrẹsì ò wọ inú ọbẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ti pe àwọn dírẹ́bà àti àwọn onílù, ó ti fún wọn lóúnjẹ kí inú ẹnikẹ́ni tó bàjẹ́. Mi ò tilẹ̀ tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ tọ́ ọ wò nílé rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti dúnàádúrà.

Bákan náà ni họ́ọ̀lù. Ẹ má lọ wò ó lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó ṣófo. Ẹ lọ nígbà tí èrò kún un, ẹ wọ ilé ìyàgbẹ́ wọn, ẹ dúró sí igun tó jìnnà jù kí ẹ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń dé ibẹ̀. Ta ló ń ra dísù jẹnẹrétọ̀? Aago mélòó ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, èló sì ni wákàtí tó bá lé? Ṣé òde mìíràn wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tiyín, tí ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ò fi ní ráyè wọlé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù l'Ékòó ń gbowó lórí olóúnjẹ tàbí oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tó bá wá láti ìta, àwọn mìíràn ò sì ní sọ ọ́ títí ẹ ó fi san àsansílẹ̀. Ẹ béèrè. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá VAT, owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú iye tí wọ́n pè. Owó tí wọ́n ń dì mú nítorí nǹkan tó bá fọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tí mo ti rí nídìí ìgbéyàwó, irọ́ kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí oníkálukú gbọ́ lọ́nà tirẹ̀ ni. Ní 2019, "kúlà mẹ́wàá ìrẹsì" la bá olóúnjẹ sọ. Kúlà mẹ́wàá náà ló kó wá, ṣùgbọ́n kúlà ju kúlà lọ. Oúnjẹ tán nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ò tíì jẹun. Àna ni wọ́n, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a máa gbà wọ́n lálejò, small chops ni wọ́n jẹ lọ sílé. Títí dòní, bí mo bá rántí, ojú ń tì mí. Nítorí náà, iye abọ́ ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ iye ẹran tó wà lórí abọ́ kan. Ẹ kọ ẹni tó ń mú omi, gáàsì àti abọ́ wá, àti ẹni tó ni oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù. Ẹ kọ aago tí wọ́n máa dé.

Ó máa ń le jù bó bá jẹ́ pé ẹbí tàbí ọmọ ìjọ ló fẹ́ ṣiṣẹ́ náà. Ọmọ àbúrò mi ló ṣe ọ̀ṣọ́ họ́ọ̀lù wa ní 2024. Nígbà tí mo gbé ìwé kalẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní, "Mo fọkàn tán ẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ká má lọ di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́ nítorí òdòdó." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣe san gbogbo owó tán ṣáájú ọjọ́. Mi ò bá olóúnjẹ jà bó bá fẹ́ gba púpọ̀ nínú owó rẹ̀ ṣáájú, torí ó ní láti ná ọjà. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye ọjà kì í dúró sójú kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé títí di ọjọ́ wo ni iye tó pè fún yín máa dúró. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan kù lọ́wọ́ yín. Bó bá ní iléeṣẹ́ òun ti forúkọ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ náà lórí ìtàkùn CAC, àjọ ìjọba tí iléeṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì rí i pé òun náà ló wà lórí àkáǹtì. Orúkọ iléeṣẹ́ lórí rìsíìtì, orúkọ ẹlòmíràn lórí àkáǹtì: ẹ dúró ná, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀.

Afárá àti aago

Bí oníṣẹ́ yín bá ń gbé ní Agége, tí òde yín sì wà ní Victoria Island, ẹ ka afárá mọ́ ọn. Kìlómítà 11.8 ni Third Mainland, ọkọ̀ kan tó bá bàjẹ́ lórí rẹ̀ tó láti da ọjọ́ ẹni rú. Kéèkì wa ní 2019 kúrò nílé lódindi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wó kó tó dé. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ṣe kéèkì wa máa ń gbé e wá ní ìpele ìpele, inú họ́ọ̀lù ló ti ń tò ó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti dé.

Ẹ bá alága ìdúró àti alága ìjókòó sọ̀rọ̀ papọ̀, kì í ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ìdílé ọkọ láàárín eré, kí ẹ̀yin òbí méjèèjì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fún wọn ní aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí, torí àkókò tí wọ́n bá jẹ, ti họ́ọ̀lù ló ń jẹ. Ẹ sọ fún onílù náà pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa fọ́n owó náírà síni lára. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Bí ẹnìkan bá gbowó tí kò ṣiṣẹ́

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì. LASCOPA ni àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Citizens' Mediation Centre náà wà, wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Bó bá ṣì kọ̀, láti 2018 l'Èkó ti ní small claims court fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ìwé tí ẹ fi béèrè owó yín lẹ máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́.

Onífọ́tò

Òun ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ má wo àwọn fọ́tò tó ṣà. Ẹ ní kó fi gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo hàn yín láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ ó rí bóyá ó mọ ojú àwọn àgbà tàbí ó kàn ń ya àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa di kámẹ́rà mú gan-an sínú ìwé, àti ọjọ́ tó máa kó iṣẹ́ wá. Ẹ ní kó tọ́jú fọ́tò yín síbi méjì. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà, kí ẹnìkan nínú ẹbí tó mọ ojú gbogbo wọn máa tẹ̀ lé e kiri.

Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ fún onífọ́tò wa ní 2024 nìyí: "Àbúrò ìyá mi, ó wọ aṣọ òkè àlàárì, máa gbé ọwọ́ lé ìyàwó lórí. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán." Ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí ó fi kó gbogbo rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, a ń wá a lọ, a sì rí i: ọwọ́ àgbà náà méjèèjì lórí gèlè ọmọ mi, àwọn méjèèjì dijú. Ọjọ́ náà gan-an ni mo san owó tó kù.