Bí mo ṣe ṣírò ohun tó ń kù lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́

Ó pẹ́ tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ pé kí ìjọba gba owó lọ́wọ́ olówó kó pín in fún aláìní. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí aláìní jẹun o. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí ètò náà ń fi ojú ẹni tó ń gbà á rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní èrò ọkàn mi lásán ni, kí n mú ẹ̀rí wá. Mo bá mú bébà àti gègé.

Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, ni mo yàn, nítorí pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ náà ń gbà á. Bí owó iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrànwọ́ ń dín kù: ìdá 55 nínú 100 owó tó bá wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ìdá 65 ni. Ó di 63 ní 2017, ó sì wálẹ̀ sí 55 ní 2021. Ẹni tó ní ọmọ tàbí tí ara rẹ̀ kò le ní iye kan tí yóò kọ́kọ́ pa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in.

Mo wá fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan ní England tó ti kọjá gbogbo ìyẹn, tó sì ti ń san owó orí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi wákàtí kún iṣẹ́, yóò fi rí 100 pọ́ùn sí i. Mo kọ 100 sókè. Owó orí mú 20, National Insurance, owó ìbánigbófò tí ìjọba ń yọ nínú owó iṣẹ́, mú 8, ó ku 72. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í: mo yọ 55 gbáko kúrò, ó ku 17. Mo tún òfin náà kà. Ìdá 55 nínú 72 ni wọ́n ń mú, ìyẹn 39.60. Mo pa 17 rẹ́, mo kọ 32.40.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ènìyàn fi òógùn ojú ṣe 100, ohun tó mú relé kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo wá kọ ti olówó tó wà lókè téńté sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: owó orí 45, National Insurance 2. Òun mú 53 lọ sílé. Ètò tí wọ́n ní ó wà fún aláìní ló fi ìyà yìí jẹ aláìní! Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá kọ wákàtí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ètò yòówù tó bá ń wo iye tó ń wọlé fúnni kó tó fúnni, kò sí bó ṣe fẹ́ bọ́ nínú ìṣòro méjì kan. Bó bá ń dín in díẹ̀díẹ̀, ìrànwọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò nílò rẹ̀, owó orí yóò sì gbówó lérí. Bó bá ń dín in kíákíá, iṣẹ́ kò ní lérè mọ́. Arthur Okun, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, fi pípín owó báyìí wé korobá tó ń jò ní 1975: apá kan nínú owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówó ń ṣòfò kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìní. Bébà mi ti jẹ́ kí n rí ojú ihò kan.

Ọ̀rẹ́ mi mú ọ̀rọ̀ Finland wá. Láàárín 2017 sí 2018, wọ́n fún 2,000 ènìyàn tí kò níṣẹ́ ní 560 yúrò lóṣooṣù, wọn kò sì dín in bí wọ́n bá ríṣẹ́. Ọkàn wọn balẹ̀ ju ti àwọn aláìníṣẹ́ yòókù tí wọn kò fún lọ, òótọ́ ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fi pọ̀ sí i, nígbà tó sì jẹ́ pé owó orí àwọn mìíràn ni wọ́n fi san án.

Kò jiyàn mọ́. Ó fa bébà náà sọ́dọ̀, ó gba gègé lọ́wọ́ mi, ó sì kọ “owó ọkọ̀” sábẹ́ 32.40. Ó ronú díẹ̀, ó tún kọ “ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ” sábẹ́ ìyẹn.