Wọ́n Dìbò Yàn Yín ní Akápò Àdúgbò? Ẹ Jókòó Ná

Ìpàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú kí n tó débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjà Sábó ni mo ti ń bọ̀, eruku gàrí ṣì wà lára ìró mi. Mo ní kí n rọra fìdí lé àga kan lẹ́yìn, ni Bàbá Alága bá rí mi. "Ìyá Onírẹsì nìyí! Ẹni tó ń wọn kọ́ńgò látàárọ̀ dalẹ́ tí kò ṣì í kà, ṣé a tún ń wá akápò kiri ni?" Kí n tó lanu, ọwọ́ ti lọ sókè. Wọ́n ka ọwọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọdún kẹfà rèé, àdúgbò wa lójú ọ̀nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, kò tíì gba àpò náà lọ́wọ́ mi.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ẹ̀yin náà ní CDA yín (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), tàbí nínú ẹgbẹ́ onílé, tàbí lọ́jà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ náà tán. Akápò ló ń gbé àpò Ifá tẹ̀ lé Ọ̀rúnmìlà, a ò sì gbọ́ ọ rí pé akápò ló ni Ifá. Àpò wà léjìká yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Kì í sì í ṣe ti alága.

Ẹ má gba àpò lókùnkùn

Akápò tó wà ṣáájú mi kú lójijì ni. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi, alága àti akọ̀wé lọ sílé wọn. Ìyàwó wọn fa láílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó tí wọ́n fi rọ́bà dì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń mú lọ síléèwé. Orúkọ kún inú ìwé náà. Wọ́n fàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan, wọn ò fàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan. Kò sí déètì kankan. A ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì: ₦143,200. Alága bi mí pé, "Mélòó ló yẹ kó jẹ́?" Èmi náà bi akọ̀wé. Akọ̀wé wo àjà.

Ìyá náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó àdúgbò wà nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n ń wá aṣọ tí wọn ó fi sin ọkọ wọn ni wọ́n rí i. Síbẹ̀, ó tó ọdún kan gbáko tí àwọn kan fi ń wò wọ́n bí ẹni tó jókòó lé nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ràn àwọn tí ẹ ó fi sílẹ̀ láyé, ẹ má jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá gba àpò kò le. Kí èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka owó. Ẹ kọ iye tí ẹ kà sílẹ̀, pẹ̀lú déètì àti nọ́ńbà àwọn ìwé rìsíìtì tó bá a wá. Kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya ìwé ọ̀hún, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Tí ẹni tó ń gbé e lé yín lọ́wọ́ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tún owó náà kà.

Rìsíìtì, rìsíìtì, rìsíìtì

Èyí ná mi ní ₦5,000, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọdún tí tìránsífọ́mà wa jó, a ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá ₦25,000. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà mẹ́rin dúró sí mi lórí ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń wọn ẹ̀wà lọ́wọ́, ni onílé kan bá dé, ó na owó sí mi. Mo tì í bọ àpò épúrọ́ọ̀nù mi, mo ń wọn ẹ̀wà lọ. Nígbà tí mo délé ni mo kà á, mo rí ₦20,000, mo kọ ₦20,000. Oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ó dìde láàárín ìpàdé: "Mo san gbogbo tèmi, Ìyá Onírẹsì!" Bóyá òun ló ṣì í kà, bóyá èmi ni mo fi ṣẹ́ńjì oníbàárà kan lé e, títí dòní mi ò lè búra. Mo yọ ₦5,000 nínú èrè mi, mo fi dí i. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni ǹ bá sì bínú sí? Èmi ni mo gba owó láìkà á lójú ẹni tó ni ín.

Láti ìgbà yẹn, mi ò gba owó àdúgbò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, mi ò gbà á lórí ọ̀kadà, mi ò gbà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ Sátidé, láago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nínú ọgbà alága ni. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Ìwé rìsíìtì tí mo ń lò ní nọ́ńbà lórí, ó sì ní kábọ́ọ̀nù tó ń sọ ọ́ di méjì: onílé á mú ti òkè, ti ìsàlẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ṣi ọ̀kan kọ, mi ò ní ya á sọ nù. Màá fi bírò dá a lágbèélébùú, màá fi méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé, torí nọ́ńbà tó bá sọ nù ni ẹnu máa ń wọ̀. Kódà ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láti fóònù, mo ń ja rìsíìtì fún un. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé álẹ́ẹ̀tì ti tó. Kò tó o. Álẹ́ẹ̀tì á sọ iye fún yín, kò ní sọ bóyá owó ọlọ́dẹ ni tàbí owó gọ́tà.

Ó ku ti báǹkì. Ẹ mú ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìpàdé tó sọ orúkọ àwọn tí yóò máa fọwọ́ síwèé owó, fọ́tò àti BVN wọn. Ẹ ṣí àkáǹtì náà lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ má gbà kí àkáǹtì ẹnì kankan jẹ́ àkáǹtì àdúgbò, bó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ ẹni ire tó.

Ẹni tó ní kí á ná an, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó san án

Kí àwọn mẹ́ta yìí má ṣe jẹ́ èèyàn kan náà. Ìpàdé yóò fẹnu kò, alága yóò fọwọ́ sí i, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé, akápò yóò tó wá sanwó. Bí alága bá pè yín lóru pé kí ẹ fún kafíńtà ní ₦40,000, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè pé, "Bàbá, ojú ìwé wo ni mo ti máa rí i?" Wọ́n lè bínú. Wọ́n á tù.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Illinois, l'Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì akápò káúńtì. Káúńtì ni ohun tó sún mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù bí a ṣe pín iṣẹ́ yìí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn: ẹnì kan ló ń díye lé ilé, akọ̀wé káúńtì ló ń ṣírò ohun tí onílé máa san, akápò á wá gba owó orí ilé náà, á pín in fún iléèwé àti àwọn tó kù. Àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan akápò yìí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Kó tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Mo ní, "Onígbọ̀wọ́ kẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin ni, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló sábà ń ṣe é, tí owó bá dínkù àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oyè náà ti wá. Níbẹ̀ láyé ìgbà náà, àwọn adájọ́ káúńtì ló ń yan akápò fúnra wọn, òfin ọdún 1739 sì kó onírúurú owó orí káúńtì pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di bíi 1800 sókè, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ fọwọ́ ara àwọn dìbò yan ẹni tó ń gbé àpò.

Àmọ́ ìbò nìkan ò lè ṣọ́ owó. Ní Orange County, ní California, akápò kan wà, Robert Citron, tí wọ́n yàn léraléra fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó ń fi owó ìlú yáwó sí i, ó ń fi í ta tẹ́tẹ́ pé èlé ò ní gòkè. Èrè ń wọlé, gbogbo èèyàn ń pọ́n ọn. Ní ọdún 1994, ẹni tó bá a du ipò náà pariwo pé ewu ń bẹ lóko lóńgẹ́. Wọ́n tún dìbò fún Citron. Èlé gòkè lọ́dún yẹn kan náà, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ṣòfò, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni káúńtì náà kéde pé òun ti wọ gbèsè. Kò fi kọ́bọ̀ sápò ara rẹ̀ o. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kó owó ọlọ́dẹ sínú òwò tó ń so ìlọ́po méjì lóṣù mẹ́ta, ẹ rántí ọkùnrin yẹn.

Tiwa yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú rò pé bí a ṣe dìbò yan alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀ náà la ṣe yan akápò ìjọba ìbílẹ̀. Rárá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n lè gbé e kúrò ní Ìkòròdú lọ sí Badagry lọ́la. Wọn ò dìbò yàn án látijọ́ náà, láti ìgbà òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952. Ẹ rántí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967. Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ò sọ ọ́ di ti ìbò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí káńsù jẹ́ ti ìbò, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì kan pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló kó owó wọn sí, kí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tó sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024 pé kí owó náà máa lọ bá wọn tààrà.

Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ọ̀nà méjì ni. Tí ẹ bá ń wá gọ́tà tàbí ojú títì, ẹnu ọ̀nà káńsẹ́lọ̀ ni kí ẹ kàn, torí ìbò yín ló gbé e débẹ̀. Tí owó bá sì tọ́ sí káńsù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, ẹ san án síbi tí káńsù ń gba owó sí, kí ẹ gba rìsíìtì wọn. Ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni tó gbé bírò sétí wá bá yín nílé lọ́wọ́.

Ẹ̀rín kan rèé kí n tó lọ síbi ìṣirò. Ní Galveston, ní Texas, ọkùnrin kan jáde dupò akápò káúńtì ní 2022, ó ní tí wọ́n bá yan òun, òun á ní kí wọ́n pa ipò náà rẹ́ torí owó tó ń jẹ. Wọ́n yàn án. Ní oṣù Kọkànlá 2023, àwọn ará Texas dìbò, wọ́n pa á rẹ́ lóòótọ́. Mo sọ ọ́ nípàdé wa, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí alága má gbọ́, wọ́n á yọ owó káàdì fóònù Ìyá Onírẹsì!"

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù

Ọjọ́ yìí ni kí ẹ ṣe ìṣirò, ẹ má jẹ́ kó di ìparí ọdún. Mo máa ń la ìlà sí àárín ìwé gbàǹgbà kan: owó tó wọlé lápá òsì, owó tó jáde lápá ọ̀tún. Oṣù kan rèé bí mo ṣe kà á nípàdé. Ohun tó kù látẹ̀yìn, ₦118,500. Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n san ₦2,000, ó di ₦52,000. Ilé kan fi gbèsè oṣù márùn-ún ránṣẹ́, ₦10,000. Ẹni tó ń kọ́lé tuntun fi ₦20,000 ránṣẹ́. Gbogbo ohun tó wọlé, ₦82,000. Ọlọ́dẹ méjì gba ₦60,000, àwọn tó kó gọ́tà gba ₦12,000, àga tí a yá jẹ́ ₦3,500: ₦75,500 ló jáde. Ó ku ₦125,000.

Mo gbé ìwé báǹkì lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báǹkì ní ₦124,900.

Bí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ má sùn lé e, ẹ má sì fi owó yín dí i ní kọ̀rọ̀ bí èmi ti ṣe lọ́jọ́sí. Ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i, kí ẹ kọ ohun tó fà á. Èmi fi ìka tọ ìwé báǹkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí ₦50 tí wọ́n yọ lórí ₦10,000, mo rí ₦50 mìíràn lórí ₦20,000. Mo kọ ọ́ sápá ọ̀tún.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí kì í sọ̀rọ̀ títí ìpàdé á fi parí, àfi tó bá kan ìwé owó. Wọ́n gbọ́ ọgọ́rùn-ún náírà, wọ́n nawọ́. "Ibo ni ọgọ́rùn-ún wa lọ?" Àwọn kan ń kùn pé kí wọ́n jókòó. Mo dìde, mo gbé ìwé báǹkì náà lọ bá wọn. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e bí èmi náà ti ṣe, wọ́n kà á débi àkọ́kọ́, wọ́n kà á débi ìkejì.

"Mo ti rí i," wọ́n ní. "Ẹ máa kà á lọ."