Bí a ṣe ń bójú tó òǹlò tí kò tíì wọlé nínú Spring Security

Nínú Spring Security, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń dáàbò bo ètò tí a fi Java kọ, ẹni tí kò tíì fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé náà ní ìdánimọ̀: AnonymousAuthenticationFilter máa ń fún un ní orúkọ anonymousUser àti ipò ROLE_ANONYMOUS. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé isAuthenticated(), tó ń béèrè bóyá a ti mọ òǹlò, nìkan, nítorí pé true ni yóò dá padà fún àlejò yìí pẹ̀lú, ewu ńlá sì nìyẹn. isAnonymous() ti AuthenticationTrustResolver ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ permitAll(), tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, sí kìkì ojú-ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí, kí ẹ sì fi anyRequest().authenticated(), tó ń béèrè pé kí òǹlò ti wọlé kó tó rí ojú-ìwé yòókù, kádìí àwọn òfin náà. Ìlànà yìí ni mo fara mọ́ jù, torí pé ojú-ìwé tuntun tí ẹ bá gbàgbé yóò wà ní títì. Nínú controller (kíláàsì tó ń dáhùn ìbéèrè òǹlò), Authentication, ìyẹn ohun tó ń gbé ìdánimọ̀ òǹlò, tí ẹ bá kọ sínú àkámọ́ mẹ́tọ́ọ̀dù yóò jẹ́ null (òfìfo) fún àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìdánimọ̀. @CurrentSecurityContext ni yóò gbé ìdánimọ̀ náà wá.