Àṣìṣe Tí Ẹ Ń Ṣe Pẹ̀lú Ológbò Erékùṣù Gíríìsì (Èmi Náà Ti Ṣe Púpọ̀ Nínú Wọn)

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti wọlé báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, a ń lọ sí Gíríìsì o! Níbo la ti máa rí àwọn ológbò tẹ́ẹ máa ń gbé fọ́tò wọn sókè yẹn?" Màá ṣàlàyé, wọn á ní àwọn ti gbọ́. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan ń bu mílíìkì fún ológbò, ẹnì kan ti di báńdéèjì mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹlòmíì ń sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti sú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Syros, erékùṣù kan ní Gíríìsì, mo sì máa ń bá àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ gbé abọ́ omi kiri láàárọ̀. Ohun tí ojú mi ń rí ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ ń lọ síbi tó wọ́n jù, lásìkò tó gbóná jù.

Ológbò wà ní Santorini lóòótọ́, àmọ́ kí ló kan ológbò kan owó yàrá tó ga tó yẹn? Ológbò kì í wo wíwọ̀ oòrùn tí àlejò ń tìtorí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Piraeus, èbúté tó wà lẹ́bàá Athens, kí ẹ lọ sí Syros. Ọkọ̀ tó yára á gbé yín débẹ̀ ní wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Èyí tó ń rọra lọ á tó wákàtí mẹ́rin, àmọ́ owó rẹ̀ rọjú. Tàbí kí ẹ lọ sí Hydra, níbi tí mọ́tò ò ti wọlé, tó jẹ́ pé ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó ẹrù. Àárín títì ni ológbò ibẹ̀ máa ń nà gbalaja sí.

Ẹ má lọ nínú oṣù kẹjọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni àjọ̀dún Màríà Wúńdíá, gbogbo Gíríìsì ló máa ń ya lọ sí erékùṣù. Ẹ̀yin á máa làágùn, àwọn ológbò á ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ẹ ò sì ní fojú kàn wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù karùn-ún ló dáa, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá.

(Gbàgede ńlá tó wà ní Ermoupoli, olú ìlú Syros, Miaouli ló ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan bá gbogbo wa jiyàn pé igbe ológbò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Andreas Miaoulis ni o, ọ̀gágun ojú omi tó bá Tọ́kì jà nígbà ogun òmìnira wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1821. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.)

2. Ẹ ń ru agolo oúnjẹ ológbò láti Lọ́ńdọ̀nù.

Èmi gan-an lọ̀gá nínú àwọn tó ṣe eléyìí. Agolo mẹ́rìnlélógún ni mo tò sínú àpótí, mo fi aṣọ ìwẹ̀ mi wé wọn kí wọ́n má baà ró. Mo tún sanwó àfikún nítorí ẹrù ti wúwo. Bí mo ṣe dé Athens, aṣọ́bodè ní kí n ṣí i. Ó wò mí, ó wo agolo, ó tún wò mí. Láti ìgbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú ọjà àjùmọ̀ní Yúróòpù, ẹran àti wàrà, títí kan oúnjẹ ẹranko tó ní wọn nínú, ò ṣeé gbé wọlé láti ọ̀dọ̀ wa bẹ́ẹ̀. Nínú oúnjẹ ẹranko, èyí tí dókítà bá dìídì kọ fún ẹranko aláìsàn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ìyẹn náà ò sì gbọ́dọ̀ ju kílò méjì lọ. Gbogbo rẹ̀ ló bá pàǹtírí lọ. Sọ́ọ̀bù wà ní Syros, wọ́n ń ta oúnjẹ gbígbẹ níbẹ̀. Owó tí mo san lórí ẹrù nìkan ì bá ra àpò ńlá.

3. Mílíìkì: rárá. Inú ni yóò run wọ́n. Omi tútù ni kí ẹ bù.

4. Ẹ ń bọ́ wọn lórí tábìlì ilé oúnjẹ.

Ẹ jókòó sétí òkun, ológbò mẹ́ta yí yín ká, ọ̀kan gbé ọwọ́ lé yín lórí itan, àánú ṣe yín, ẹ ju súfúláàkì, ẹran sísun orí igi wọn, sílẹ̀. Àlùbọ́sà àti aáyù wà lára ẹran yẹn, májèlé ni méjèèjì fún ológbò. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣẹ́kẹṣẹ̀kẹ, ó sì lè gún wọn lọ́fun. Kò tán síbẹ̀ o. Lẹ́yìn tí ẹ bá san owó tán tí ẹ lọ, ológbò mẹ́ta á di mẹ́sàn-án, oníbàárà tó tẹ̀ lé yín á pariwo, onílé oúnjẹ á sì gbé ike omi. Ẹ̀yin lẹ jayé, ológbò ni omi ń bá. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ wọn, ẹ jẹun tán, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ẹ bá ti rí abọ́ nílẹ̀, kí ẹ bu oúnjẹ gbígbẹ síbẹ̀.

5. Ẹ ń gbé ọmọ ológbò kúrò níbi tí ẹ bá a.

Ẹ fara balẹ̀, nítorí eléyìí ló ń bí mi nínú jù.

Nígbà ìrúwé ni àwọn abo máa ń bímọ kiri: ẹ̀yìn àpótí ẹja, abẹ́ ọkọ̀ tí apẹja dojú rẹ̀ délẹ̀, inú ìkòkò òdòdó onílé. Ìyá á fi ọmọ pamọ́, á wá oúnjẹ lọ, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kó tó padà. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀yin aláàánú máa ń kọjá. "Háà, kò níyàá!" Ta ló sọ fún yín?

Ọdún àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Mò ń gun àtẹ̀gùn lọ sí Ano Syros, ìlú òkè tó ti pẹ́ yẹn, ni mo bá rí ọmọ ológbò pupa kan lẹ́yìn páálí, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi ìborùn wé e, mo gbé e wọ yàrá. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣe ohun ńlá. Nígbà tó di òru, igbe kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, igbe gígùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ rántí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ológbò tó ń ké lóru nílé wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń pè é. Mo tan iná, mo ka Sáàmù 91 lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ inú ìborùn ń dáhùn, igbe ìta ń le sí i, èmi ń ka Sáàmù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà onílé kan ilẹ̀kùn. Ó rí ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lérí. "Mána!" ló ń pariwo, ó ń nawọ́ sí fèrèsé, "Mána!" Mi ò gbọ́ Gíríìkì nígbà yẹn, àmọ́ ta ni kò ní mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ó jẹ́ kí èmi fúnra mi gbé e padà, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn bí ẹni tó mú olè. Abo ológbò kan ti jókòó síbi páálí. Ó fi ẹnu gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ. Kò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà.

Tèmi ṣì kéré sí ti tọkọtaya kan tí mo mọ̀. Wọ́n gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ra àpótí ìgbérìn, ibùsùn, eku ìṣeré tó ń dún. Wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n wá pè mí lọ́jọ́ kẹfà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣírò. Ológbò tó ń bọ̀ láti Gíríìsì gbọ́dọ̀ ní microchip, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré, lábẹ́ awọ. Kò lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àfi tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbọ́dọ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ méje ni tiwọn yóò kọ́kọ́ fi dàgbà tó, kí ó tún fi mẹ́ta dúró. Lẹ́yìn náà ni ìwé dókítà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú, kágò sì ni ológbò máa ń bá wọ Bìrìtéènì, kì í ṣe orí itan yín. Tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, ọ̀la ni.

Wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì bọ́ sọ́nà. Ọmọ tí kò mọ ìyá mọ́, tí kò mọ ẹja wá, tí àlejò fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́ láti sùn lórí ìrọ̀rí! Owó eku ìṣeré yẹn ṣì ń dùn mí, kì í sì í ṣe owó mi.

Tí ẹ bá rí ọmọ ológbò, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Tí ikùn rẹ̀ bá yó, tí ara rẹ̀ gbẹ, tó dákẹ́, ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Tó bá ń ké láìdákẹ́, tí ipin ti dí ojú rẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń bọ́ wọn ládùúgbò náà rí, tàbí dókítà ẹranko. Ẹ san owó dókítà tí ẹ bá ní in. Ìyẹn ni àánú.

Ó yẹ kí ó kan ìkẹfà báyìí, àmọ́ inú ti bí mi, mi ò ka nọ́ńbà mọ́.

Etí tí wọ́n gé ṣóńṣó rẹ̀ kì í ṣe ìyà. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ pe ọlọ́pàá nítorí rẹ̀. Àmì ni: wọ́n ti mú ológbò yẹn, wọ́n ti kun ún lóorun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tán kí wọ́n tó dá a padà sí àdúgbò rẹ̀. Òfin 4830 ti ọdún 2021 gbé ọ̀rọ̀ ẹranko tí kò nílé lé ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwọn aráàlú ló wà.

Ikùn tó nà sílẹ̀ fún yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ní àpá méjì. Tó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Eyín ológbò tín-ín-rín, ó ń kó kòkòrò wọ inú ẹran ara, ọwọ́ sì lè wú kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Músù, músù" ò yé wọn. "Psi-psi-psi" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ na ìka kan, kí ẹ jẹ́ kí òun wá gbóòórùn rẹ̀. Tí ìrù rẹ̀ bá dúró ṣánṣán, ó ti kí yín nìyẹn.

Tí owó bá kù lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ fi ra àpò oúnjẹ fún ẹni tó ń bọ́ wọn. Nígbà ooru, wọ́n yó. Láti oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń ti ilẹ̀kùn, àlejò á tán, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́, àwọn ìyá àgbà nìkan ni yóò kù.

Àti kàlẹ́ńdà ológbò tó wà ní gbogbo ìsọ̀ yẹn: ẹ má rò pé owó rẹ̀ ń dé ẹnu ológbò kankan, àfi tí òǹtajà bá sọ ẹni tó ń gbé e fún. Ẹ má rà á. Mo ń rà á lọ́dọọdún. Ó wà lára ògiri kíṣìnnì mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí màmá mi wá kí mi láti Ìbàdàn, ó yí ojú kàlẹ́ńdà náà sí ògiri lọ́jọ́ tó dé. Mo yí i padà. Nígbà tí mo jí, ó ti tún yí i.