Bí a ṣe ń lo friendly àti unfriendly láì ṣì wọ́n lò

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀rẹ́. Lóòótọ́, ara friend ni friendly ti jáde, ṣùgbọ́n ìwà ló ń sọ. Ìyá ọlọ́jà tó ń pè yín ní "kọ́sítọ́mà mi", tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, friendly ni, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ ara yín. Ọlọ́yàyà ni, ó túraká.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Un- tó ṣáájú kò sọni di ọ̀tá. Ẹni tí ẹ kí, tó rọra hùn láìgbójú sókè, unfriendly lásán ni. Bó bá ń wá ìjà, hostile ló ń jẹ́, ọ̀rọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ní èdè Látìnì túmọ̀ sí ọ̀tá. Ibí yìí gba ìṣọ́ra: bí ẹ bá kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹnì kan hostile sí yín níbi iṣẹ́, ẹ̀sùn ńlá lẹ fi kàn án yẹn o. Ní 2012, Theresa May, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní òun fẹ́ dá hostile environment (àyíká tó le mọ́ni bí ọ̀tá) sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú. Unfriendly ì bá kéré jù, torí ilé yíyá, iṣẹ́ àti báńkì ni òfin tó tẹ̀ lé e dí mọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má jẹ́ kí -ly tàn yín. Quickly ń pọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe lé, friendly kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ lovely àti costly ni, tó ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ orúkọ. "She greeted me friendly" kò tọ̀nà. Ẹ sọ pé "She greeted me in a friendly way". Bẹ́ẹ̀ náà ni unfriendly.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e. "Friendly to her": ó ń ṣe dáadáa sí i. "Friendly with her": wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń jẹ́ friendly, nǹkan pẹ̀lú ń jẹ́ ẹ. Friendly match ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Fóònù tó rọrùn láti lò jẹ́ user-friendly. Friendly fire ló burú níbẹ̀: ọta ìbọn tí ọmọ ogun ṣèèṣì yìn lu ẹgbẹ́ ara rẹ̀, kò sí ọ̀yàyà kankan nínú ìyẹn.

Unfriend ńkọ́, èyí tí New Oxford American Dictionary fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2009? Ọ̀rọ̀ ìṣe ni: kí a yọ ènìyàn kúrò lára ọ̀rẹ́ lórí Facebook. "He unfriended me" kò sọ pé ẹni náà jẹ́ unfriendly.