Ẹnì Kejì Rẹ Ń Sọ̀rọ̀ Lójú Oorun? Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nìyí

Ọ̀pọ̀ ìjà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú oorun ló fà, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ṣì ń fọ eyín lọ́wọ́, ìyàwó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ta lẹ ń pè lóru àná?" Ọkọ ò rántí nǹkan kan. Bó bá ní òun ò mọ̀, irọ́ ló jọ létí ìyàwó. Bó bá wá àlàyé kan ṣe kí àlàáfíà lè wà, àlàyé yẹn gan-an ni wọ́n á fi mú un lọ́jọ́ mìíràn.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: kéèyàn sọ ọ̀rọ̀ ojú oorun di ẹ̀rí. Àwọn kan gbà pé ẹni tó ti sùn ò lè purọ́, pé àṣírí inú rẹ̀ ló ń tú jáde. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Faransé gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 232, tí ọ̀pọ̀ wọn ní àìsàn tó jẹ mọ́ oorun. Nínú ìgbà 883 tí ohùn jáde lẹ́nu wọn, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá, bí kò ṣe kíkùn, ariwo, ẹ̀rín àti nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńkọ́? "Rárá" ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èébú náà ò sì wọ́n. Nítorí náà, bí ẹni tí kì í bú èèyàn lójú mọmọ bá ń bú èèyàn lóru, má tíì kó ẹrù rẹ.

Orúkọ tó pè lè jẹ́ ti ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, ó lè jẹ́ ti ẹnì kan nínú fíìmù tó wò kó tó sùn. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò lè bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu láé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ọ̀nà tí o fi lè mọ èyí tó bá a mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bá a mu. Bí o bá ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀, ìfura yẹn ni kí ẹ jókòó sọ, kí oorun má bàa di ẹlẹ́rìí yín.

Àwọn mìíràn á tún rọra tẹ̀ sétí ẹni tó ń sùn, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè. Ó lè dáhùn o, àmọ́ o ò lè mọ̀ bóyá ìwọ ló dá lóhùn tàbí ẹni inú àlá rẹ̀. Bó bá wá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ohun tí o máa ń ṣe nìyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ máa sùn tì ọ́?

Fóònù ló wá dá kún un. Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àbúrò, sí ọ̀rẹ́, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà á rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni á ti máa bẹ̀rù àtisùn níbi tí ẹlòmíràn bá wà. Ìwádìí kan ní Norway lọ́dún 2010 sì fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 3 ló ti sọ̀rọ̀ lójú oorun rí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà wà lára wọn.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà ní àṣìṣe tirẹ̀: kó yarí pé "Irọ́ ni, mi ò sọ nǹkan kan," nígbà tí ojú ẹnì kejì ti pọ́n nítorí àìsùn. Má tọrọ àforíjì fún ohun tí o sọ, oorun tí o fi du ẹlòmíràn ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún. Kí o sì wo ohun tó ń dá a sílẹ̀: oorun tí kò tó, másùnmáwo, ọtí alẹ́, ibà, àwọn oògùn kan. Bí ó bá di pé kí ẹ sùn sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ jọ fẹnu kò sí i. Má kàn gbé ìrọ̀rí jáde lóru láìsọ̀rọ̀.

Ibì kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bí ẹni náà bá ń ta ẹsẹ̀, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bíi pé ó ń bá ẹnì kan jà nínú àlá, pàápàá bó bá ti lé ní 50 ọdún, tàbí tó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró, ẹ lọ rí dókítà. Irú ìjà ojú oorun yẹn lè ṣáájú àrùn Parkinson, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó máa ń mú kí ara èèyàn máa gbọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹni tó ń sùn tì í bá a lọ, nítorí òun ló rí gbogbo rẹ̀. Níbí, bí ẹni tó ń jà lójú oorun náà bá ti gbà kí ẹ ya òun, fídíò orí fóònù wúlò fún dókítà.