Ohun tó yanjú jíà ọtomátíìkì mi tó ń ta gìrì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọkọ̀ mi ti ń sáré bó ṣe yẹ. Tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, ọkọ̀ eré. Tí mo bá tẹná mọ́ ọn lọ́nà Kubwa ní Abuja, á ta gìrì láti jíà kejì sí ìkẹta, bí ẹni pé wọ́n kọlù mí láti ẹ̀yìn. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fọ throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì), pàbó. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra odindi jíà mìíràn. Àyà mi já.

Ní Apo ni bàbá kan ti bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti yẹ ọ́ìlì jíà wò?" A gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnì ti gbóná, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, jíà wà ní P (ipò ìgúnlẹ̀ ọkọ̀). Ọ́ìlì ara ọ̀pá ìwọ̀n dúdú bí omi aró, ó ń rùn bí ohun tó jóná, kò sì dé àmì. A tú abọ́ ìsàlẹ̀, a nu ẹrẹ̀ dúdú kúrò lára òòfà, a fi fílítà tuntun sí i, a wá rọ ATF (ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì) tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ gan-an, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà ti pupa. Mo tẹ bíréèkì, mo gbé jíà kọjá R (ẹ̀yìn), N (òfo), D (iwájú) lọ́kọ̀ọ̀kan, a tún wọn ọ́ìlì náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò ta gìrì mọ́. Bí ẹ bá rí èérún irin nínú ọ́ìlì tiyín, èyí nìkan lè má tó o.